Sọ́fítíwíà wo ló yẹ ká fi ya ìlà ooru? Ìfiwéra HYSYS, Aspen Plus, DWSIM àti CoolProp

Ìwọ̀n ìgbóná mẹ́rin ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń wò kí wọ́n tó gbà pé ẹ̀rọ ìpààrọ̀ ooru kan yóò ṣiṣẹ́: bí ohun gbígbóná ṣe gbóná tó nígbà tó ń wọlé, iye tó kù lára rẹ̀ nígbà tó ń jáde, bí ohun tútù ṣe tutù tó nígbà tó ń wọlé, àti ibi tí ìgbóná rẹ̀ dé nígbà tó ń jáde. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè dára, kí ẹ̀rọ náà má sì ṣeé kọ́ rárá. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín ẹnu méjèèjì ni ìlà ooru ń fi hàn wá.

Ìlà ooru, tí àwọn ẹnjiníà ń pè ní heat curve, jẹ́ gíráàfù tí iye ooru tó ti kọjá wà ní ìbú rẹ̀, tí ìwọ̀n ìgbóná sì wà ní òòró rẹ̀. Bí ohun tó ń ṣàn bá wọlé ní olómi tó sì jáde ní olómi, ìlà náà máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ gún tán, kò sì sí wàhálà níbẹ̀. Ìgbà tí híhó bá dé ọ̀rọ̀ ni nǹkan ń yí. Ohun kan ṣoṣo, bí omi, yóò tẹ́ pẹrẹsẹ níbi tó ti ń hó. Àdàlù, bíi gáàsì inú ilẹ̀, kì í tẹ́ bẹ́ẹ̀: yóò máa gòkè díẹ̀díẹ̀ láti ibi tí ìhó àkọ́kọ́ ti yọ títí dé ibi tí ẹ̀kán olómi ìkẹyìn ti gbẹ.

Ẹ jẹ́ ká mú omi kílógíráàmù kan, ká gbé e láti 25°C dé 150°C ní ìfúnpá afẹ́fẹ́ tó yí wa ká. Láti 25 dé 100, yóò gba nǹkan bíi 314 kJ. Ní 100 gan-an yóò dúró sójú kan, yóò gba 2,257 kJ kó tó di sítíìmù tán. Láti ibẹ̀ dé 150, bíi 100 kJ péré ló kù. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2,671 kJ, ó sì ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀ lọ tó wọlé láìjẹ́ pé tẹmómítà sún rárá.

Ká wá sọ pé òróró gbígbóná kan ló fẹ́ fún omi yìí ní ooru. Òróró náà wọlé ní 200°C, ó jáde ní 80°C, ìlà tirẹ̀ gún, àwọn méjèèjì sì ń ṣàn pàdé ara wọn. Ní ẹnu kan, a yọ 150 kúrò nínú 200, ó ku 50. Ní ẹnu kejì, a yọ 25 kúrò nínú 80, ó ku 55. Ẹni tó bá wo ẹnu méjèèjì nìkan yóò ní iṣẹ́ ti parí. Ṣùgbọ́n níbi tí omi ti ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ hó, òróró ti tutù dé 94°C, omi sì wà ní 100. Ooru kì í ti ara ohun tútù lọ sára ohun gbígbóná fúnra rẹ̀. Kò sí bí wọ́n ṣe lè fẹ̀ ẹ̀rọ yẹn tó tí yóò ṣiṣẹ́.

Ibi tí mo ń lọ nìyí. Ẹ wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí sọ́fítíwíà bá pín ìlà yìí sí ìdá márùn-ún ọgbọọgba. Àmì àkọ́kọ́ lẹ́yìn ẹnu yóò bọ́ sí 534 kJ, níbi tí òróró ti wà ní 104°C tí omi sì wà ní 100. Àlàfo dígírì 4 ni. Ó kéré, ṣùgbọ́n kò burú lójú. Bí ẹ bá sọ ìdá náà di mẹ́wàá, àmì kan yóò bọ́ sí 267 kJ, níbi tí àlàfo ti jẹ́ bíi dígírì 3, èyí tó tẹ̀ lé e yóò sì fò lọ sí 534. Bẹ́ẹ̀ ni ìlà méjèèjì ti gba ara wọn kọjá láàárín 284 àti 445 kJ, kò sì sí àmì kankan tó bọ́ síbẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá dé ogún ìdá ni àmì kan yóò bọ́ sí 401 kJ, tí yóò sì fi hàn pé omi ti gbóná ju òróró lọ. Síbẹ̀, dígírì 2 ni yóò pe ohun tó jẹ́ 6 ní òótọ́.

Gíráàfù tó mọ́, tó ní àwọ̀ dáadáa, lè fi ẹ̀rọ tí kò lè ṣiṣẹ́ hàn bí èyí tó pé. Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí léèrè pé kí wọ́n má fi ẹwà àwòrán yan sọ́fítíwíà.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni ibi tí sọ́fítíwíà ń fi àmì sí. Ṣé ó máa ń fi àmì pàtó sí ibi tí híhó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ìrì ti ń bẹ̀rẹ̀ sí sẹ̀ (ìyẹn ibi tí ohun tó ti di gáàsì tán ti ń bẹ̀rẹ̀ sí padà di olómi), àbí ó kàn ń pín ìlà ní ọgbọọgba? Lójú tèmi, kò sí ìbéèrè tó ṣe pàtàkì tó èyí.

Èkejì ni ìṣirò tó wà lábẹ́ ìlà náà. Ìdọ́gba Peng–Robinson, tí Ding-Yu Peng àti Donald Robinson gbé jáde ní 1976 ní Yunifásítì Alberta ní Kánádà, dára gan-an fún gáàsì àti epo rọ̀bì. Bí ẹ bá fi ya ìlà ọtí ethanol tó dàpọ̀ mọ́ omi láìtún un ṣe, irọ́ ni yóò pa fún yín, nítorí ohun méjèèjì yẹn ń fa ara wọn lọ́nà tí ìdọ́gba náà kò ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ṣe é. Irú àdàlù bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ NRTL tàbí UNIQUAC, àwọn ìdọ́gba tí wọ́n ṣe fún olómi tí ohun inú rẹ̀ ń fa ara wọn bẹ́ẹ̀. Omi nìkan, ní tirẹ̀, ń fẹ́ ìdọ́gba sítíìmù tó dá dúró.

Ẹ̀kẹta ni bóyá ìfúnpá lè máa lọ sílẹ̀ bí ohun náà ti ń ṣàn. Nínú ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ ní ìfúnpá afẹ́fẹ́, bí ìfúnpá bá lọ sílẹ̀ pẹ̀lú 0.02 bar, ibi híhó omi yóò sún pẹ̀lú bíi ààbọ̀ dígírì, kò sì ní pa ẹnikẹ́ni lára. Ní 0.1 bar, níbi tí omi ti ń hó ní bíi 46°C, 0.02 bar kan náà yóò fa ibi híhó lọ sílẹ̀ pẹ̀lú bíi dígírì mẹ́rin. Bí àlàfo tí ẹ fi sílẹ̀ bá jẹ́ dígírì márùn-ún, ẹ ti jẹ ẹ́ tán nìyẹn.

Lẹ́yìn èyí ni owó wá kàn, pẹ̀lú láísẹ́ǹsì, irú kọ̀ǹpútà tí ẹ ní, àti bóyá nọ́ńbà inú gíráàfù náà ṣeé kó jáde lọ sí ibòmíràn.

Aspen HYSYS, àti UniSim tó jẹ́ ìyekan rẹ̀

Ilé-iṣẹ́ Hyprotech ní ìlú Calgary ní Kánádà ló ṣe HYSYS, sọ́fítíwíà tó ń ṣe àfarawé ilé-iṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. AspenTech ti Amẹ́ríkà rà wọ́n ní 2002, ṣùgbọ́n àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dènà kí ẹnì kan gba gbogbo ọjà mọ́wọ́ kò gbà bẹ́ẹ̀, ìyẹn ló sì jẹ́ kí Honeywell gba ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní 2004, tí wọ́n sì sọ tiwọn ní UniSim Design. Ìdí nìyẹn tí àwọn méjèèjì fi jọra tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá mọ ọ̀kan lè jókòó síwájú èkejì kí iṣẹ́ sì máa lọ.

Nínú HYSYS, bí ẹ bá gbé ẹ̀rọ ìpààrọ̀ ooru kalẹ̀, yóò bi yín bóyá End Point lẹ fẹ́ tàbí Weighted. Ibí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà. End Point gbà pé ìlà méjèèjì gún, ẹnu méjì nìkan ló ń wò. Bí ẹ bá lò ó fún omi tó ń hó nínú àpẹẹrẹ wa, yóò ní ohun gbogbo dára. Weighted ló ń gé ìlà náà sí wẹ́wẹ́, ó sì ní ibi tí ẹ ti lè sọ fún un pé kó fi àmì ibi híhó àti ibi ìrì kún un. Ẹ jẹ́ kí àmì yẹn wà níbẹ̀ nígbà gbogbo, kí ẹ sì fi kún iye ìdá, nítorí iye tó máa ń bá wá kò tó fún ìlà tó bá ṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ sí Performance: gíráàfù wà níbẹ̀, tábìlì rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì rọrùn láti dà á kọ lọ sínú Excel.

Ibi tí HYSYS ti ta yọ ni gáàsì àti epo, pàápàá ibi tí ohun ṣíṣàn ju méjì lọ bá ti pàdé nínú ẹ̀rọ kan. Ẹ wo ilé-iṣẹ́ gáàsì olómi ti NLNG ní Bonny, tó bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè ní 1999. Ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní C3MR ni wọ́n fi ń sọ gáàsì di olómi níbẹ̀: propane ló kọ́kọ́ ń mú gáàsì tutù, lẹ́yìn náà ni àdàlù nitrogen, methane, ethane àti propane yóò mú un dé bíi −162°C. Kí ló dé tí wọ́n fi ń lo àdàlù? Nítorí pé ìlà ooru gáàsì náà ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́nà wíwọ́ ni. Ohun kan ṣoṣo tó tẹ́ pẹrẹsẹ níbi híhó kò lè tẹ̀ lé e. Yóò fi àlàfo ńlá sílẹ̀ níbì kan, yóò sì fẹ́ kan án níbòmíràn. Àdàlù ń hó díẹ̀díẹ̀, ìlà tirẹ̀ náà sì ń wọ́, a sì lè tún ìwọ̀n ohun tó wà nínú rẹ̀ ṣe títí ìlà méjèèjì yóò fi rìn súnmọ́ ara wọn. Gbogbo àlàfo tó bá pọ̀ jù láàárín wọn, agbára tí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ń fi ṣòfò ni. Ẹni tó bá ń wo irú ìlà bẹ́ẹ̀, owó iná àti owó gáàsì gan-an ló ń wò. HYSYS ní ẹ̀rọ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ LNG Exchanger fún iṣẹ́ yìí, ó sì ń ya àpapọ̀ ìlà ohun gbígbóná àti àpapọ̀ ìlà ohun tútù pa pọ̀. Mi ò tíì rí èyí tó mú un rọrùn tó bẹ́ẹ̀.

Owó ni ìṣòro. Ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ń ta láísẹ́ǹsì rẹ̀ fún, kì í ṣe ẹnì kọ̀ọ̀kan, dọ́là sì ni wọ́n ń fi sanwó. Àwọn yunifásítì lè gba ti ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n yàrá kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ ló máa ń wà, bí ìlẹ̀kùn yàrá bá sì ti tì, iṣẹ́ ti dúró. Orí Windows nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Àwọn ẹ̀dà tí wọ́n ti fọ́ láísẹ́ǹsì wọn pọ̀ káàkiri, mo sì ń bẹ ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka èyí: ẹ má fi ọwọ́ kàn án. Ẹ kò mọ kòkòrò tí wọ́n fi sínú rẹ̀, ẹ kò sì lè kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìròyìn tí ẹ fẹ́ fún oníbàárà tàbí olùkọ́.

Aspen Plus

Iṣẹ́ ìwádìí kan ní MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, ni Aspen Plus ti bẹ̀rẹ̀ láàárín ọdún 1970 sí 1980, nígbà tí owó epo gun òkè tí gbogbo ayé fẹ́ mọ bí wọn yóò ṣe dín ìnáwó agbára kù. AspenTech fúnra rẹ̀ jáde láti inú iṣẹ́ náà ní 1981.

Bí HYSYS bá jẹ́ ti gáàsì àti epo, Aspen Plus jẹ́ ti kẹ́míkà: ọtí, ásíìdì, omi iyọ̀, ohun líle tó dàpọ̀ mọ́ olómi. Nọ́ńbà NRTL àti UNIQUAC fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ àdàlù wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ kò ní wá a kiri inú ìwé. Ẹni tó bá ń ṣe ethanol láti ara ẹ̀gẹ́ tàbí ìrèké yóò mọ ohun tí mò ń sọ. Ethanol àti omi máa ń dé ibi kan, bíi 95.6% ethanol ní ìwọ̀n ìwúwo, tí wọn yóò máa hó pọ̀ ní bíi 78.2°C bí ẹni pé ohun kan ṣoṣo ni wọ́n. Níbẹ̀ ìlà ooru á tẹ́ pẹrẹsẹ. Kí wọ́n tó débẹ̀, ó ń gòkè. Sọ́fítíwíà tí kò bá mọ èyí yóò ya ìlà mìíràn fún yín, ohun tó ń mú ọtí padà di olómi lórí òpó ìpọntí yín yóò sì kéré jù tàbí tóbi jù.

Ọ̀nà tí Aspen Plus ń gbà ya ìlà ni mo fẹ́ràn jù lọ nínú gbogbo wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó le díẹ̀ láti kọ́. Fọ́ọ̀mù kan wà tó ń jẹ́ Hcurves lábẹ́ ẹ̀rọ tó ń gbé ooru, ìbáà jẹ́ ti ìgbóná lásán tàbí ti òpó ìpọntí. Ẹ ó sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi pín in: iye ooru ni, ìwọ̀n ìgbóná ni, tàbí ìdá tó ti di gáàsì. Ẹ ó sọ iye àmì. Ẹ ó sọ bí ìfúnpá ṣe ń lọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ lè ní kó fi ohun mìíràn kún àmì kọ̀ọ̀kan: bí olómi náà ṣe ki tó, bó ṣe wúwo tó, bó ṣe ń gbé ooru kọjá. Èyí ṣe pàtàkì gidi gan-an. Ẹni tó fẹ́ fi ìlà náà kọ́ ẹ̀rọ gidi nínú HTRI, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń ṣírò bí ẹ̀rọ ìpààrọ̀ ooru yóò ṣe rí, tàbí nínú sọ́fítíwíà ẹ̀rọ ooru ti Aspen fúnra rẹ̀ nílò gbogbo nọ́ńbà wọ̀nyẹn ní àmì kọ̀ọ̀kan. Gíráàfù nìkan kò lè kọ́ ẹ̀rọ.

Fún ohun ṣíṣàn méjì, HeatX wà. Fún púpọ̀, MHeatX wà, ó sì ń gé ìlà sí agbègbè agbègbè kó lè rí ibi tí àlàfo ti kéré jù.

Ọ̀rọ̀ owó rẹ̀ àti ti HYSYS jọra, Windows kan náà ni, n kò ní tún un sọ.

DWSIM

Ọ̀fẹ́ ni. Ìyẹn nìkan tó láti mú kí ọ̀pọ̀ yín dúró níbí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ìyókù. Orílẹ̀-èdè Brazil ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, lábẹ́ láísẹ́ǹsì GPLv3, ìyẹn ni pé ẹnikẹ́ni lè lò ó, ka inú rẹ̀, tún un ṣe. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Linux àti macOS. Kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi sórí ẹ̀rọ, ẹni tó bá ń gbé níbi tí dátà ti wọ́n tí iná sì ń ṣe ségesège yóò mọ iyì èyí.

Ìṣirò tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ti ọmọdé: Peng–Robinson, SRK, NRTL, UNIQUAC, UNIFAC, ìdọ́gba sítíìmù, kódà CoolProp tí a ó sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìpẹ́ wà níbẹ̀. Ó tún gba ìlànà CAPE-OPEN, tó ń jẹ́ kí sọ́fítíwíà kan lè yá ìṣirò lọ́wọ́ èkejì.

Ẹ̀rọ ìpààrọ̀ ooru rẹ̀ ní ọ̀nà kan tó ń jẹ́ Pinch Point. Ẹ ó sọ àlàfo tó kéré jù tí ẹ gbà láyè, òun yóò sì wá bí àwọn ohun méjèèjì yóò ṣe gbóná tó nígbà tí wọ́n bá jáde. Fún ẹni tó ń kọ́ ẹ̀kọ́, ọ̀nà yìí ń kọ́ni ju kí a kọ ìwọ̀n mẹ́rin kí a sì máa retí pé kó dára. Ẹ tún lè ní kó ṣírò bí ìgbóná ṣe ń yí padà láti ẹnu kan dé èkejì, kí ẹ sì wo àwòrán rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ àṣẹ tó pọ̀ sí i lórí ibi tí àmì ń bọ́ sí, ọ̀nà tí mo dámọ̀ràn ni kí ẹ má dúró ti àwòrán tó bá ẹ̀rọ náà wá. Ẹ lo Sensitivity Analysis rẹ̀, tàbí kí ẹ kọ kóòdù díẹ̀ sínú rẹ̀ ní Python, èdè kọ̀ǹpútà kan: ẹ gbé ohun ṣíṣàn náà gba ẹ̀rọ ìgbóná kan, kí ẹ máa fi kún ooru díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì kọ ìwọ̀n ìgbóná sílẹ̀. Fún ibi híhó àti ibi ìrì, ẹ fi ìdá gáàsì sí 0 àti sí 1, yóò sì fún yín ní àmì méjèèjì gan-an. Ó ń gba àsìkò ju HYSYS lọ, ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tó wà lórí gíráàfù yín láti orí dé ìdí.

Níbo ló ti kùnà? Bí ilé-iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe àfarawé rẹ̀ bá tóbi, tí ohun tó ń jáde níwájú tún ń padà sẹ́yìn ní ibi púpọ̀, ó máa ń lọ́ra, nígbà mìíràn kò sì ní rí ìdáhùn àyàfi bí ẹ bá ràn án lọ́wọ́. Nọ́ńbà àdàlù NRTL tó wà nínú rẹ̀ kò tó ti Aspen Plus. Ẹ lè ní láti wá a nínú ìwé, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ ọ́ sí i. Bákan náà, àwọn oníbàárà ńlá kan kì í gba ìròyìn tí kì í ṣe láti inú sọ́fítíwíà tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ béèrè kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

CoolProp pẹ̀lú Python

Èyí kì í ṣe sọ́fítíwíà àfarawé ilé-iṣẹ́ rárá. Àkójọ ìṣirò ni, Ian Bell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbé e jáde, láísẹ́ǹsì rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí wọ́n ń pè ní MIT, ọ̀fẹ́ pátápátá. Ó mọ ohun ṣíṣàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún, ó sì ń lo ìdọ́gba tó péye jù lọ tí àwọn onímọ̀ ní fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fún omi, ìdọ́gba tí wọ́n ń pè ní IAPWS-95 ló ń lò. A lè pè é láti inú Python, MATLAB tàbí Excel.

Bí ohun tí ẹ ń wò bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo, bí omi, ammonia, CO₂ tàbí gáàsì inú fíríìjì, kò sí èyí tó tó o nínú gbogbo àwọn tí mo dárúkọ. Ìlà mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kóòdù, ìlà ooru ti jáde. Láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kan lè ṣe é.

Àṣírí kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Ẹ má fi ìwọ̀n ìgbóná àti ìfúnpá béèrè níbi híhó. Fún ohun kan ṣoṣo, àwọn méjèèjì kò tó láti sọ ibi tí ẹ wà, nítorí olómi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ hó àti sítíìmù tó ti hó tán ní ìwọ̀n ìgbóná kan náà. Enthalpy, ìyẹn iye ooru tó wà nínú ohun náà, ni kí ẹ fi béèrè: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti enthalpy ẹnu, ẹ máa fi ooru kún un, kí ẹ sì ní kó fi enthalpy àti ìfúnpá wá ìwọ̀n ìgbóná. Ìlà yóò tẹ́ fúnra rẹ̀ níbi tó yẹ kó tẹ́. Ẹ rántí pé Pascal, Joule àti Kelvin ni èdè rẹ̀.

Fún àdàlù, ẹ ṣọ́ra. Àwọn kan ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n bí olómi àti gáàsì bá ti wà pọ̀, ìṣirò lè kọ̀ láti parí. Mi ò ní fi ṣe gáàsì Bonny.

Àwọn yòókù

PRO/II, tó wà lọ́wọ́ AVEVA báyìí, ní ẹ̀ka tó ń ya ìlà ìgbóná àti ìlà ìtutù, ó sì lágbára nínú iṣẹ́ ilé ìfọpo. Bí ibi iṣẹ́ yín bá ti ní i, kò sí ìdí láti kúrò nídìí rẹ̀. COCO jẹ́ ọ̀fẹ́ ṣùgbọ́n Windows nìkan ló mọ̀. Ó wúlò fún ẹ̀kọ́. Excel pẹ̀lú tábìlì sítíìmù tó láti ṣe àpẹẹrẹ omi tí mo fi bẹ̀rẹ̀, mo sì fẹ́ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ fi ọwọ́ ṣe é lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n tó ṣí sọ́fítíwíà kankan.

Ṣáájú kí ẹ tó fi wọ́n wé ara wọn

Bí ẹ bá ya ìlà kan náà nínú sọ́fítíwíà méjì, ẹ lè rí nọ́ńbà enthalpy tó jìnnà síra wọn gan-an. Omi ní 25°C jẹ́ bíi 105 kJ fún kílógíráàmù kan nínú tábìlì sítíìmù, ṣùgbọ́n Aspen Plus yóò pè é ní bíi −15,900. Kò sí èyí tó ṣìnà. Ibi tí kálukú ti bẹ̀rẹ̀ kíkà ló yàtọ̀: tábìlì bẹ̀rẹ̀ láti ara omi fúnra rẹ̀, Aspen sì ka ooru tó jáde nígbà tí hydrogen àti oxygen para pọ̀ di omi mọ́ ọn. Ẹ yọ enthalpy ẹnu kúrò nínú gbogbo àmì, kí ìlà bẹ̀rẹ̀ láti 0. Nígbà náà ni ẹ lè tò wọ́n lórí ara wọn.

Kí ẹ sì fi omi àti òróró tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ dán èyíkéyìí tí ẹ bá yàn wò. 25 sí 150, 200 sí 80. Bí kò bá fi hàn yín pé àlàfo ti lọ sí bíi −6 dígírì níbi híhó, ẹ tún ètò àmì rẹ̀ ṣe kí ẹ tó gbé iṣẹ́ gidi fún un.

Ta ni kó mú èwo

Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ kẹ́míkà ní Ifẹ̀, Èkó tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ṣe iṣẹ́ àkànṣe ìparí ẹ̀kọ́ rẹ̀: DWSIM. Ẹ lè gbé e lọ sílé, iṣẹ́ yín kò ní dúró ti yàrá kọ̀ǹpútà, orúkọ rẹ̀ kò sì ní tì yín lójú nínú ìwé. Bí ilé ẹ̀kọ́ yín bá ní láísẹ́ǹsì HYSYS, ẹ lọ fi tún ìdáhùn yín yẹ̀ wò níbẹ̀, torí pé HYSYS ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ gáàsì yóò bi yín léèrè nígbà tí ẹ bá ń wá iṣẹ́.

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí gáàsì, LNG tàbí ilé ìfọpo, tí ilé-iṣẹ́ ń sanwó: HYSYS tàbí UniSim, èyí tó bá ti wà nílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi End Point ṣe ohun tó ń hó.

Ẹni tó ń ṣe ọtí, kẹ́míkà, ọṣẹ tàbí oògùn, tó sì fẹ́ gbé nọ́ńbà lọ sínú HTRI: Aspen Plus. Bí owó kò bá sí, DWSIM pẹ̀lú nọ́ńbà NRTL tí ẹ ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ nínú ìwé ìwádìí.

Olùwádìí tó ń wo fíríìjì, ẹ̀rọ amúlétutù, tàbí bí a ṣe lè rí iná mànàmáná láti inú ooru tó ń ṣòfò: CoolProp. Bí ó bá wá yá tí iṣẹ́ náà fẹ̀ tó sì nílò ilé-iṣẹ́ odindi, CoolProp kan náà wà nínú DWSIM, ìṣirò yín kò ní yí padà.

Agbaninímọ̀ràn tó dá dúró, tó ń gba iṣẹ́ kéékèèké lọ́wọ́ àwọn oníléeṣẹ́ ní Ọ̀tà tàbí Ṣàgámù: ẹ ní DWSIM àti CoolProp lórí láptọ́ọ̀pù kan náà, kí ẹ sì bi oníbàárà léèrè kí ẹ tó buwọ́ lùwé bóyá yóò gba ìròyìn láti inú wọn. Bí ó bá fi dandan lé Aspen, kí owó láísẹ́ǹsì wọ inú owó iṣẹ́ tí ẹ ó pè fún un.